Àtẹ́lẹwọ́ Ẹni Kì í Tan ni Jẹ: Ìfipamọ́ Àkójọ Oríkì Sínú Wíkì Aládàáni ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ohun kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá kì í kà sí nígbà tí wọ́n bá ń lo ẹ̀rọ ayárabíàṣá fún ìkójọ lítíréṣọ̀ alohùn, ìyẹn ni ibi tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́. TiddlyWiki, tí í ṣe wíkì aládàáni tó ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, a sì gbé e ka iṣẹ́ ìkójọ oríkì ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Àpilẹ̀kọ náà fi hàn pé ìhun oríkì bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ mu púpọ̀, ṣùgbọ́n pé búráúsà kò ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú fáìlì onílé bí onílé kò bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ó gba olùkọ́ níyànjú láti mọ ọ̀nà ìfipamọ́ tí ó ń lò, kí ó dán an wò kí ó tó jáde lọ sí oko ìwádìí, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì wà ní ibì kan ṣoṣo.

Ìfáàrà

Ìkójọ lítíréṣọ̀ alohùn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára iṣẹ́ tí a máa ń yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rán lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù lè fi ọ̀sán kọ́ ọmọ ní kíláàsì, kí ó sì fi ìrọ̀lẹ́ jókòó ti àwọn ìyá àgbà agboolé tí wọ́n mọ oríkì í kì. Nígbà kan rí, ìwé àjákọ àti rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì ni irinṣẹ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Lóde òní, fóònù ni ó fi ń gba ohùn sílẹ̀, kọ̀ǹpútà àgbélétan ni ó sì fi ń da ohun tí ó gbọ́ kọ.

Ohun tí ó gbà sílẹ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí a lè padà lọ rà lọ́jà bí ó bá sọnù. Ẹni tí ó kì oríkì náà lè ti papò dà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó padà dé. Bí ó bá sì wà láàyè, kò dájú pé yóò kì í bákan náà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú oríkì máa ń yí padà pẹ̀lú ẹni tí a ń kì, ibi tí a ti ń kì í àti ìdí tí a fi ń kì í. Nítorí náà, ìbéèrè pé níbo ni fáìlì wà kì í ṣe ìbéèrè àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ìbéèrè onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni pẹ̀lú.

Agbègbè náà àti Iṣẹ́ Ìkójọ Tó Ti Wáyé Níbẹ̀

Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ìhà àríwá Òṣogbo ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìkìrun, ìlú Akìrun, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù, ìlú Olókukù, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, inú ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà sì ni Ìnísà wà. Ojú irin tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà la agbègbè yìí kọjá. Ìtàn pẹ̀lú so àwọn ìlú náà pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni ogun Jálumi jà ní Ìkìrun, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin. Orúkọ ogun náà fúnra rẹ̀ ń rán ènìyàn létí àwọn tí wọ́n já lu omi níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ní sáà ogun wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn ará Òkukù sá wá sí Ìkìrun, tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé títí àlàáfíà fi padà. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìtúpalẹ̀ oríkì agboolé kan ní Òkukù kò lè ṣàì dé Ìkìrun wá ìtàn kún un.

Òkukù gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ oríkì káàkiri àgbáyé. Ibẹ̀ ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé láàárín àwọn ọdún 1970 tí ó ń kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú, tí ìwé rẹ̀ lórí oríkì, obìnrin àti ìgbà àtijọ́ ní ìlú náà sì jáde ní ọdún 1991. Ṣáájú rẹ̀, Adébóyè Babalọlá ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, ó sì tẹ àkójọ oríkì orílẹ̀ jáde ní ọdún 1967. Kókó kan nínú iṣẹ́ Barber ni ó kàn wá jù lọ níhìn-ín. Ó ṣàlàyé pé oríkì kì í ṣe ìtàn tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kéékèèké ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orísun àti àkókò tirẹ̀. Akígbe lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bá wù ú, ó lè fo òmíràn dá, ó sì lè mú ẹyọ tí ó jẹ́ ti bàbá wá bá ti ọmọ. Ìtàn tí ó túmọ̀ ẹyọ kan lè wà lẹ́nu ẹlòmíràn tí kì í ṣe akígbe rárá.

Bí a bá wá da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ sínú ìwé lásán láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ti fún un ní ètò kan ṣoṣo tí kò ní tẹ́lẹ̀. Èyí ni ó mú kí wíkì yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò.

Kí ni Wíkì Aládàáni?

Ọdún 1995 ni Ward Cunningham, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe wíkì àkọ́kọ́. Èdè àwọn ará Hawaii ni ó ti yá orúkọ náà, kíákíá sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wíkì jẹ́ àkójọ ojú-ìwé tí a lè tètè kọ, tí a lè tún kọ, tí a sì lè fi okùn so mọ́ ara wọn. Orí kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wíkì ń gbé, bí àpẹẹrẹ Wikipedia tí ó ní ẹ̀ka èdè Yorùbá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, Jeremy Ruston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé TiddlyWiki jáde. Ohun tuntun tí ó mú wá ni pé gbogbo wíkì náà wà nínú fáìlì HTML kan ṣoṣo. Ìlànà tí ó ń mú un ṣiṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí oníwèé kọ sínú rẹ̀ jọ wà nínú fáìlì kan náà ni. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ti òde òní, nígbà tí kò tíì sí nǹkan nínú wọn, kò ju bíi mẹ́gábáìtì méjì sí mẹ́ta lọ. A lè gbé e sínú fíláàṣì, kí a ṣí i nínú búráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń wo ojú-ìwé ayélujára, kí a sì máa lò ó níbi tí kò ti sí dátà rárá. Fún olùkọ́ tí ó wà ní agboolé kan ní Ìnísà ní alẹ́ tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àǹfààní ńlá ni èyí.

Ẹyọ àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tiddler, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹja wẹ́wẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é ní pélébé. Pélébé kọ̀ọ̀kan ní àkọlé, ó ní àmì ìsọ̀rí, ó sì lè ní okùn tí ó so ó mọ́ òmíràn. Bí a bá fi àkámọ́ onígun méjì-méjì yí àkọlé kan ká, báyìí: [[Ogun Jálumi]], ọ̀rọ̀ náà yóò di ojú ọ̀nà tí ó lọ sí pélébé tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí èyí ṣe bá oríkì mu. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹyọ oríkì kan sí pélébé kan, kí ó fi ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ sí òmíràn, kí ó fi orúkọ agboolé sí ẹ̀kẹta, kí ó sì fi àlàyé nípa ẹni tí ó kì í, ọjọ́ àti ayẹyẹ tí a ti kì í sí ẹ̀kẹrin. Àmì ìsọ̀rí rẹ̀ lè jẹ́ orúkọ ìlú àti ẹ̀yà lítíréṣọ̀, bí oríkì orílẹ̀, ẹkún ìyàwó tàbí ìjálá. Bí ẹyọ kan náà bá tún jẹ yọ lẹ́nu akígbe mìíràn ní Ìkìrun, kò ní tún un kọ. Okùn ni yóò fi so ó. Ní ọ̀nà yìí, ẹyọ oríkì á dá dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lẹ́nu akígbe, ìtàn á sì wà nítòsí láìjẹ́ pé a fi ipá dà wọ́n pọ̀.

Ìdí Tí Búráúsà Kò Fi Ń Kọ Nǹkan Sínú Fáìlì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Búráúsà lè ka fáìlì tí a bá ṣí fún un. A ó rí i lókè pé àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú file:///, èyí tí ó fi hàn pé inú kọ̀ǹpútà wa gan-an ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí kíkọ. Ojú-ìwé tí ó wà nínú búráúsà kò ní àṣẹ láti yí fáìlì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà padà.

A lè fi ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé ṣàlàyé èyí. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí a ṣí jẹ́ àlejò. Onílé á gbà á sí pálọ̀, á fún un ní àga, ṣùgbọ́n àlejò kì í wọ ìyẹ̀wù onílé láìgbàṣẹ. Bí búráúsà bá gba gbogbo àlejò láàyè láti wọ ìyẹ̀wù, ojú-ìwé ayédèrú kan tí a ṣèèṣì ṣí lè ka lẹ́tà wa, ó lè pa iṣẹ́ wa rẹ́, ó sì lè kó àṣírí wa ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó hàn gbangba wáyé ní oṣù keje ọdún 2019. Títí di ìgbà náà, Firefox ń gba fáìlì HTML kan láàyè láti ka àwọn fáìlì mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú fódà kan. Nígbà tí ó hàn pé ojú-ìwé burúkú tí ènìyàn gbà sílẹ̀ láti orí ayélujára lè lo àyè yìí láti jí ohun tí ó wà nínú fódà, Firefox 68 ti ilẹ̀kùn náà.

Ìdènà náà dára, ó sì tọ́. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé tí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àti ojú-ìwé olè, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú búráúsà. Àlejò ni àwọn méjèèjì.

Bí Ilẹ̀kùn Ṣe Ń Ṣí Tó sì Ń Tì

Nígbà tí TiddlyWiki kọ́kọ́ jáde, àwọn búráúsà ṣì ní àyè tí a lè gbà kọ fáìlì. Internet Explorer ní tirẹ̀, èyí tí ń jẹ́ ActiveX. Firefox ní àṣẹ pàtàkì kan tí yóò kọ́kọ́ bi onílé léèrè kí ó tó lò ó. Fún àwọn búráúsà mìíràn, ètò kékeré kan tí a fi Java ṣe ni ó ń bá wọn kọ ọ́. Oníwèé á tẹ bọ́tìnnì, fáìlì rẹ̀ á sì yí padà níbi tí ó wà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọ̀nyí ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2012 ni Mozilla ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àṣẹ pàtàkì ti Firefox kúrò. Ruston ṣe àfikún kan tí ń jẹ́ TiddlyFox láti dí àyè náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Firefox 57 jáde, kò sì gba àwọn àfikún ayé àtijọ́ mọ́. TiddlyFox dákẹ́. Chrome pẹ̀lú ti gbàgbé ètò Java ní ọdún 2015, Microsoft sì fi òpin sí Internet Explorer ní oṣù kẹfà ọdún 2022.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe kedere. Oníwèé kò ṣe ohunkóhun tí ó burú. Ìwé rẹ̀ kò bàjẹ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà níbẹ̀. Búráúsà ni ó yí padà lóru ọjọ́ kan, tí bọ́tìnnì tí ó ń tẹ̀ láná kò sì ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà wọ inú fáìlì kò ní mọ ìgbà tí ọ̀nà náà dí.

Àwọn Ọ̀nà Ìfipamọ́ Tó Wà Lónìí

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni gbígba ẹ̀dà tuntun sílẹ̀. Kò sí búráúsà kọ̀ǹpútà tí kò lè ṣe èyí. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́, búráúsà á fi odindi ìwé náà sínú fódà Downloads gẹ́gẹ́ bí fáìlì tuntun. Bí orúkọ fáìlì bá jẹ́ oriki.html, èyí tí ó tẹ̀ lé e lè di oriki(1).html, lẹ́yìn náà oriki(2).html. Fáìlì àtijọ́ kò yí padà rárá. Ewu rẹ̀ ni pé ènìyàn lè ṣí ti àtijọ́ lọ́jọ́ kejì, kí ó kọ iṣẹ́ tuntun lé e, kí iṣẹ́ ọjọ́ méjì sì wà nínú fáìlì méjì tí kò mọ ara wọn. Ẹni tí yóò lo ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ máa mú ẹ̀dà tí ó kẹ́yìn kúrò ní Downloads lọ sí fódà iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà kejì ni lílo ètò tí a ṣe fún un. TiddlyDesktop, tí Ruston náà ṣe, máa ń ṣí fáìlì náà bí ètò kọ̀ǹpútà gidi, ó sì ń kọ ọ́ padà síbi tí ó wà. Ètò tí a gbé sórí kọ̀ǹpútà fúnra wa kì í ṣe àlejò mọ́, ará ilé ni. Lórí fóònù Android, Tiddloid ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Fún olùkọ́ tí kì í fẹ́ wàhálà, ọ̀nà yìí ni ó rọrùn jù lọ.

Ọ̀nà kẹta ni àṣẹ tuntun tí Chrome 86 mú wá ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Nípa rẹ̀, ojú-ìwé lè tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé láti kọ sínú fáìlì kan pàtó. Onílé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan fáìlì náà, á sì gbà tàbí kí ó kọ̀. Firefox àti Safari kò gba ọ̀nà yìí fún fáìlì onílé, nítorí náà kò lè jẹ́ ìlànà fún kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lo oríṣiríṣi búráúsà.

Ọ̀nà kẹrin jẹ́ èyí tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ìkùn búráúsà fúnra rẹ̀. Ó máa ń dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń hàn bí a bá padà ṣí i. Ṣùgbọ́n kò sí fáìlì kankan tí a lè fọwọ́ kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá nu ìtàn búráúsà náà nù láti mú kí kọ̀ǹpútà yá sí i, àkójọ oríkì náà lè bá a lọ.

Ìṣòro Àmì Ohùn àti Ohùn Tí A Gbà Sílẹ̀

Ohun méjì mìíràn wà tí ó kan olùkọ́ Yorùbá gan-an. Èkíní ni àmì ohùn. Ní ayé ìgbà kan, fọ́ńtì àkànṣe ni a fi ń tẹ Yorùbá. Bí a bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ńtì náà, jágbajàgba ni yóò hàn. Ìlànà Unicode tí TiddlyWiki ń lò ti yanjú èyí, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Lẹ́tà é lè jẹ́ ẹyọ àmì kan lójú kọ̀ǹpútà, ó sì tún lè jẹ́ méjì, ìyẹn e àti àmì òkè. Ní ti ẹ́, kò sí ẹyọ kan tí ó dúró fún un lódindi. A gbọ́dọ̀ to ó pọ̀ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá lo kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn lè jọra lójú wa kí ó má jọra lójú kọ̀ǹpútà, ìwádìí ọ̀rọ̀ á sì kùnà. Kí kíláàsì kan lo irú kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni ó dára.

Èkejì ni ohùn. A lè ti fáìlì ohùn bọ inú wíkì, ṣùgbọ́n yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, ìwé náà á sì wúwo débi pé kò ní tètè ṣí mọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí ohùn wà nínú fódà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíkì, kí pélébé kàn máa tọ́ka sí i. Bí a bá wá ń gbé wíkì lọ síbòmíràn, a gbọ́dọ̀ gbé fódà ohùn pẹ̀lú rẹ̀.

Àṣírí Agboolé

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kì fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà fún gbogbo ayé. Oríkì a máa yìn, a sì máa bú. Ó lè mẹ́nu ba ìjà ogún, ibi tí agboolé kan ti ṣẹ̀ wá tàbí ohun tí ìdílé kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́. Ọ̀rọ̀ awo pẹ̀lú wà níbẹ̀. Fáìlì tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ fún un láyè láti pa àdéhùn tí ó bá onílé ṣe mọ́, ju bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lórí ayélujára lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí fíláàṣì náà he rí ohun gbogbo. Nítorí náà, kí ohun tí a fòfin dè wà nínú wíkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí a sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì í. TiddlyWiki ní àyè fún èyí. Bí oníwèé bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé náà, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣí i.

Ìlànà fún Kíláàsì

Olùkọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó lọ sí ẹnu iṣẹ́:

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fódà kan, kí ó fi wíkì òfo àti fódà ohùn sínú rẹ̀, kí ó sì lè sọ ibi tí fódà náà wà láìwo ojú ẹnìkejì.

2. Kí ó kọ pélébé kan, kí ó fi pamọ́, kí ó ti búráúsà pátápátá. Kí ó wo ọjọ́ àti aago tí ó wà lára fáìlì náà nínú fódà. Bí aago kò bá yí padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú fáìlì yẹn. Kí ó wá ibi tí ó lọ.

3. Kí ó fi oríkì orílẹ̀ tirẹ̀ ṣe ìdánrawò. Kí ó pín in sí ẹyọ, kí ó so ẹyọ mẹ́ta ó kéré tán mọ́ ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀.

4. Kí ó gbé ìwé náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nípa fíláàṣì, kí ó wò ó bóyá àmì ohùn pé àti bóyá ohùn ń dún.

5. Kí ó ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú fíláàṣì, ọ̀kan lọ́wọ́ olùkọ́ tàbí ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Kí ọjọ́ wà lára orúkọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé wíkì aládàáni bá ìhun oríkì mu, pàápàá bí Barber ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ láti Òkukù, nítorí pé ó jẹ́ kí ẹyọ ọ̀rọ̀ dá dúró kí ó sì tún ní ìbátan. Ó tún fi hàn pé ẹ̀wà ìwé náà lójú búráúsà kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti wọ inú fáìlì. Búráúsà ń ṣọ́ ilé onílé, ìlànà ìṣọ́ rẹ̀ sì ń yí padà láìbi oníwèé léèrè. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Fáìlì tí olùkọ́ lè tọ́ka sí, tí ó lè gbé, tí ó lè dà kọ, tí ó sì ti dán wò, òun ni ó jẹ́ tirẹ̀. Gbèsè tí ó jẹ àwọn ìyá àgbà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù tí wọ́n la ẹnu kì fún un kò parí níbi tí ó ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó di dandan kí àwọn ọmọ agboolé náà lè rí i kà nígbà tí wọ́n bá wá béèrè rẹ̀.